Mẹ́rin Ló Wà Nínú Ọkọ̀

Àkànní o! Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ò jẹ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ògiri yàrá ló dá mi lóhùn. Mo dákẹ́. Mo tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ tí ò ń súfèé.

Ìwọ kọ́. Mo mọ̀. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ ilẹ̀ kì í súfèé. Ṣùgbọ́n orin rẹ ni. Orin tó o fi ń súfèé tó o bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ Sátidé, tó o bá ń da omi sí rédíétọ̀, tó o bá ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ. Mo bi ọ́ títí pé orin kí ni. O ní orin rédíò ni, Àdùkẹ́, ó ti pẹ́, o ò mọ orúkọ rẹ̀, o ò mọ ẹni tó ni ín. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbé pẹ̀lú orin tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ó wá jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni ilé rẹ̀. Ó wá jẹ́ pé orin opó ni.

Francis Lai ló ṣe orin náà fún fíìmù kan tí Claude Lelouch gbé jáde ní 1966. Un homme et une femme ni wọ́n pè é, ìyẹn Ọkùnrin Kan àti Obìnrin Kan. Orúkọ tí kò ní fújà, bí ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá ń ka àwọn tó wọlé: ọkùnrin kan, obìnrin kan. Irọ́ ni orúkọ náà ń pa, Àkànní. Mo kà wọ́n. Mẹ́rin ni wọ́n.

Obìnrin náà ń jẹ́ Anne. Anouk Aimée ló ṣe é, obìnrin tí ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nídìí fíìmù ni kó máa ṣàkọsílẹ̀: aṣọ tí òṣèré wọ̀ lánàá, ọwọ́ tó fi di ife mú, ibi tí sìgá ẹnu rẹ̀ jó dé, kí ohun tí wọ́n yà lónìí lè bá ti àná mu. Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n fún opó yìí! Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó má gbàgbé. Pierre, ọkọ rẹ̀, ni ẹni tó ń gba ewu jẹ fún àwọn òṣèré. Tí òṣèré bá ní láti jábọ́, Pierre ló ń jábọ́. Tí òṣèré bá ní láti kú, Pierre ló ń kú, tí á dìde, tí á gbọn eruku aṣọ nù. Lọ́jọ́ kan, ikú eré di ikú òótọ́, kò dìde mọ́.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ Jean-Louis. Jean-Louis Trintignant ló ṣe é, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Awakọ̀ eré ìje ni. Jàǹbá ṣe é níbi eré ìje oníwákàtí 24 ti Le Mans, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn bí ẹni tí kò ní yè. Valérie aya rẹ̀ dúró, ó dúró, ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó pa ara rẹ̀. Ọkọ yè. Ó lajú, kò bá aya mọ́. Mo ti mọ opó, Àkànní, èmi náà ni. Mo ti mọ ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú. N kò tíì mọ ẹni tó ṣe opó alààyè títí ó fi ṣe é kú.

Ọmọ ló pa wọ́n pọ̀. Françoise ọmọ Anne àti Antoine ọmọ Jean-Louis jọ wà ní ilé ìwé bọ́dìńgì kan náà ní Deauville, létí òkun Normandy. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọkọ̀ ojú irin já Anne sílẹ̀, Jean-Louis sì ń padà sí Párísì. Anne wọlé sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Wáípà ń nu òjò. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ìta, ènìyàn méjì ló rí. Ṣùgbọ́n Pierre ti jókòó sẹ́yìn, Valérie ti jókòó sẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Anne bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn ọkọ rẹ̀. Ó ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé tó ń retí rẹ̀. Jean-Louis rò pé aya aláya lòun gbé, ó pẹ́ kó tó yé e. Mo rẹ́rìn-ín níbi yìí, ẹ̀rín tó ń dun ènìyàn ní ìhà. Nítorí kí Faransé tó lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn a máa wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Bí ènìyàn bá ti kú, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ á pààrọ̀ ìrù, gbogbo ayé á gbọ́. Tiwa kì í wọ dúdú, kì í wọ funfun. “Ọkọ mi fẹ́ràn ata.” Ta ló mọ̀ bóyá ó ń jẹun lọ́wọ́ ni, tàbí koríko ti hù lé e lórí?

Ìyá ẹlẹ́wà tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà wa kò mọ̀ pé o ti kú. Mo bá a rà, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ata sí i dáadáa, bàbá wọn fẹ́ràn ata.” Ó ní, “Ẹ bá mi kí wọn o.” Mo ní wọ́n á gbọ́. N kò parọ́, Àkànní, ọ̀rọ̀ kan kò sí níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbé abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn bí ẹni ń gbé abẹ́ àtíbàbà: fẹ́ràn. N ó gbé ẹ̀wà náà délé, ata rẹ̀ á pọ̀ jù fún mi, n ó gbé e fún ọmọ aládùúgbò.

Wọ́n ní ogójì ọjọ́ ni ọ̀fọ̀. Ìyá rẹ ló gba aṣọ dúdú lára mi fúnra wọn. Wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ó tó. Ó ti lọ.” Wọ́n ti sọ fún ọ lójú sàréè pé kí o má jọ̀kùn, kí o má jekòló, pé ó di ojú àlá. Mo dúró dè ọ́ lójú àlá. O ò wá. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ti ń rí ọ.

Ẹ wo bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó yà á. Fíìmù tí Lelouch ṣe ṣáájú ti forí ṣánpọ́n. Ní 1965, ó fi ìbànújẹ́ wọ ọkọ̀ lóru, ó wà á títí ọ̀nà fi tán, òkun ló dá a dúró ní Deauville. Ó sùn sínú ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó rí obìnrin kan lókèèrè tó ń rìn létí omi tòun tọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ó pé kí ni obìnrin ń wá létí òkun nírú àkókò yẹn. Èmi ìbá ti sọ fún un. Ibùsùn tó ti fẹ̀ jù kì í gbé ènìyàn ró di òwúrọ̀.

Àwọn alámọ̀já ti kọ ọ̀rọ̀ jìnnà lórí bí àwòrán fíìmù náà ṣe ń kúrò ní aláwọ̀ bọ́ sí dúdú àti funfun, tó sì tún ń padà. Wọ́n wá ìtumọ̀ sí i títí. Owó ni kò sí. Ọmọ ọdún 28 ni Lelouch, àpò rẹ̀ gbẹ, fíìmù aláwọ̀ wọ́n, ó fi àwọ̀ sí èyí tó yà níta, ó ya tinú ilé ní dúdú àti funfun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sì ni wọ́n fi parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i: àìlówó mọ nǹkan tí owó kò mọ̀. Nígbàkígbà tí Anne bá rántí Pierre, àwọ̀ á dé. Ọ̀run á búlúù, iná á pọ́n, irun ọkùnrin náà á máa dán nínú oòrùn. Tó bá padà sínú yàrá, sọ́dọ̀ ẹni tó wà láàyè, gbogbo rẹ̀ á pàwọ̀ dà bí fọ́tò àtijọ́. Òkú ló ni àwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ṣe rí, Àkànní. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn nìkan ló ní àwọ̀ nínú rẹ̀.

Pierre Barouh, olórin, ló ṣe Pierre. Nínú ìrántí Anne, ó ń kọrin kan tó ń jẹ́ Samba Saravah. Orin Vinicius de Moraes àti Baden Powell ti Bràsíìlì ni, Barouh ló yí i sí Faransé. Saravá ni ìkíni àwọn ará ilé òrìṣà lọ́hùn-ún. Mo dìde jókòó nígbà tí mo gbọ́ ọ. Nítorí ní ọdún 1966 kan náà, Vinicius àti Baden Powell gbé àwo orin kan jáde, wọ́n fi kí Ṣàngó, wọ́n fi kí Yemọja, wọ́n fi kí Ọ̀sanyìn. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Lamento de Exu. Ẹkún Èṣù! Àwọn baba wa tí wọ́n dè gba orí òkun kọjá, tí wọ́n gba aya lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n gba orúkọ lára wọn, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn bó ṣe yẹ, àwọn ló gbé ìlù náà débẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ náà, wọ́n tún fẹ́ra, wọ́n tún bímọ, wọ́n tún jó. Mo rò pé ilẹ̀ àjèjì ni mo ti ń sunkún. Ilé ni mo wà.

Òmíràn tún nìyí, ẹ má bá mi wí tí mo bá yà bàrá. Lẹ́yìn fíìmù náà, Anouk Aimée fẹ́ Pierre Barouh. Opó inú eré fẹ́ òkú inú eré. Wọ́n túká ní 1969. Mo ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Ká ní o padà wá, Àkànní, ṣé a ò ní jà lórí rìmóòtù ní ọ̀sẹ̀ kejì?

Nínú fíìmù náà, Anne àti Jean-Louis ń rìn létí òkun nígbà òtútù. Bàbá kan ń lọ pẹ̀lú ajá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń rìn bí ẹni tó ti mọ ẹsẹ̀ ara wọn. Jean-Louis wá sọ ọ̀rọ̀ Giacometti oníṣẹ́ ọnà fún un, pé bí ilé bá ń jóná, tí àwòrán Rembrandt wà níbẹ̀, tí ológbò wà níbẹ̀, ológbò lòun yóò gbé. Mo gbójú sókè wo fọ́tò rẹ lára ògiri, èyí tí a fi òdòdó ike yí ká. Àwòrán ni mo gbé, Àkànní. Iná jó, mo sá wọlé, àwòrán ni mo gbé jáde. Ológbò ń ké nínú ilé láti ọdún mẹ́fà.

N kò ní pẹ́ lórí eré ìje Monte Carlo. Ọkùnrin náà fi Mustang onínọ́ńbà 184 kópa nínú rẹ̀, Anne rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ wáyà sí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Jean-Louis fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, ó wakọ̀ mọ́jú, kò bá a ní Párísì, ó tún forí lé Deauville. Ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ sọ lẹ́nu bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó rí i létí òkun pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, kò sọ ìkankan nínú rẹ̀. Wọ́n sáré síra wọn. Tí fíìmù náà bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, ǹ bá ti sùn.

Wọ́n lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n jókòó jẹun, wọn ò bèèrè oúnjẹ púpọ̀, inú agbáwo kò dùn. Jean-Louis ní kí àwọn ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọn, ló bá pè é, ó bèèrè yàrá. A ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn.

Kámẹ́rà kò lọ síbòmíràn, ojú Anne ló dúró lé. Ò ń wo ojú náà tí ó ń lọ. Ara wà lórí ibùsùn, ojú ti dé ọ̀dọ̀ Pierre. Ọwọ́ ẹni yìí wà léjìká rẹ̀, ẹ̀rín ẹni yẹn ló ń gbọ́. Àwọ̀ dé, àwọ̀ lọ. Ọkùnrin náà mọ̀. Àwọn ọkùnrin a máa mọ̀. Ó bi í pé kí ló dé. Anne ní nítorí ọkọ òun ni. Jean-Louis ní ṣebí ó ti kú.

Ṣebí ó ti kú. Mo fi rìmóòtù dá a dúró. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo mu omi, mo dúró nínú òkùnkùn. Gbogbo ayé ló ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Pásítọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́, wọ́n tún fi pé ọjọ́ orí kì í dúró de ènìyàn. Tọ́lá ọmọ rẹ sọ ọ́ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọra: “Màámi, Bàbá ti lọ.” Àti fíìmù ìfẹ́ tí mo ti ń wò látọjọ́ yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹni tuntun á dé, omijé á gbẹ, òkú á rẹ́rìn-ín lókè bí ẹni tó bu ọwọ́ lùwé. Irọ́ aládùn! Inú itẹ́ kọ́ ni wọ́n sin ọ́ sí. Inú ara mi ni. Ọrùn mi yìí, ibi tó o máa ń gbé àgbọ̀n lé, ibẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi yìí ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí, orí sàréè ló fọwọ́ lé. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi ní ọjọ́ ogójì. Obìnrin Faransé kan tí kò gbọ́ èdè mi ló fi ojú sọ ọ́, kò la ẹnu.

Anne wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Jean-Louis ń dá wakọ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bí òkú ṣe lè borí alààyè báyìí. Kí ọkọ̀ ojú irin tó wọ Párísì, ó ti wà ní ibùdó. Anne bọ́ sílẹ̀, ó rí i, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fara mọ́ ọn. Àwòrán dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Orin rẹ bẹ̀rẹ̀.

Mo dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n lè wò ó. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní Pierre ti lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ara Anne ti ṣí. Ó kàn fara mọ́ ọn, tòun ti sàréè tó gbé dání. Ọkùnrin náà sì gbé gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Wọ́n fún fíìmù náà ní ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes ní 1966, Amẹ́ríkà fún un ní Oscar méjì. Ẹ̀bùn kò dí ojú ọ̀run. Trintignant tó ṣe bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ọ̀fọ̀ gidi ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan kú ní ọmọ ọwọ́ ní Róòmù. Marie, èyí tí òun náà di òṣèré, kú ní 2003. Ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ ló lù ú ní Vilnius. Bàbá arúgbó! Bàbá tó sin ọmọ méjì! Barouh lọ ní 2016. Lai lọ ní 2018.

Ní 2019, Lelouch tún pe àwọn méjèèjì padà sídìí ìtàn kan náà. Jean-Louis ti wà ní ilé àwọn arúgbó, iyè rẹ̀ ń ṣí lọ. Anne wá kí i. Kò dá a mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn obìnrin kan tí òun fẹ́ràn nígbà kan fún un. Obìnrin náà jókòó, ó ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀. Àkànní, ọdún mẹ́fà tí mo fi ń ròyìn rẹ fún ìyá ẹlẹ́wà, ṣé ìwọ kọ́ lo jókòó tì mí níbẹ̀?

Trintignant kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, 2022. Anouk Aimée kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 2024. Ọjọ́ kan àti ọdún méjì ló là wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin tún já a sílẹ̀.

Ohun tí mo ń fà láti àárọ̀ nìyí, jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá Fúnmi inú ẹgbẹ́ akọrin wa, o mọ̀ wọ́n, àwọn ni ohùn wọn máa ń rìn sísàlẹ̀ nígbà ààmín. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó wọn ti lọ. Wọ́n ń gbé mi délé lẹ́yìn ìdánrawò. “Ìyá Tọ́lá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Fúnmi kúrú, o rántí. Ìjókòó iwájú ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tí wọ́n fà á sí. Láti oṣù mẹ́rin ni orúnkún mi ti ń kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kìíní Bàbá Fúnmi ní, “Ẹ lè fà á sẹ́yìn o.” Ojú wọn wà lójú títì. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, sà. Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́. A jọ ń lọ bẹ́ẹ̀, èmi àti orúnkún mi, àwọn àti títì, ẹ̀yin méjì lẹ́yìn.

Lálẹ́ àná, òjò ń rọ̀. Gó-sìlóò dá wa dúró. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, mo ń wá irin rẹ̀, ọwọ́ mi kan kóòmù kékeré kan tí irun ṣì há sí eyín rẹ̀. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Mo dá a padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà mo fa irin náà, ìjókòó lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ké kẹ́ẹ́.

Bàbá Fúnmi kò yíjú. Wọ́n kàn tan wáípà. Èmi sì ká ètè jọ, Àkànní, mo fẹ́ fi orin rẹ súfèé. N kò mọ̀ ọ́n ṣe. Atẹ́gùn lásán ló ń jáde.